Àpò Tí Kò Gbọdọ̀ Sọ Pé Kò Sí

Kí n tó sọ bí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Omi ṣe ṣubú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa ń jókòó, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń jókòó kò ní mọ bí ìṣubú náà ti dùn tó.

Kì í kàn jókòó bíi tèmi tiyín. Akọ̀wé rẹ̀ á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun nu àga, á fẹ́ ẹnu sí i fùù, á wá na ọrùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè sókè: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí Omi Òjò àti Omi Ilẹ̀, Alábòójútó Páìpù Ńlá àti Páìpù Kékeré, Ẹni Tí Òùngbẹ Ń Sá Fún. Kí kíkà náà tó parí, tíì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ á ti tutù. Á mu ún bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oyè òun ti gùn jù.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà là ń pe akọ̀wé yìí. Látìgbà tó ti gba iṣẹ́, kò tíì sí gbólóhùn kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tí kò fi ìyẹn parí. Wọ́n ní Ọ̀gá bi í nígbà kan pé, ṣé irọ́ lò ń pa fún mi ni? Ohun tó fi dá a lóhùn náà nìyẹn.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé owó omi tèmi tiyín ni wọ́n fi ra aṣọ tí wọ́n fi ń nu àga.

Nílé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Aláàpò lorúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un. Nísàlẹ̀ ilé náà, nínú yàrá tútù kan tí wọ́n máa ń tì, kọ̀ǹpútà ńlá kan wà tó mọ gbogbo ohun tó ń lọ nípa omi ìlú: páìpù tó ń jò, táńkà omi tó wà lọ́nà, fáàfù tó ń dá omi dúró nínú páìpù, èyí tó ṣí àti èyí tó tì. Kọ̀ǹpútà yìí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ètò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn, láti ojú fèrèsé kan tí wọ́n dá sí i lára. Ètò á béèrè lójú fèrèsé, kọ̀ǹpútà á fèsì.

Láyé àtijọ́, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ètò tirẹ̀, oníkálukú ń béèrè bó ṣe wù ú. Ètò àwọn tó ń gba ẹ̀sùn máa ń kan fèrèsé bíi pé wọ́n fẹ́ fọ́ ọ. Tàwọn awakọ̀ táńkà máa ń béèrè ohun kan náà léraléra títí ọ̀rọ̀ á fi sú ẹ̀rọ. Tàwọn tó ń ṣí fáàfù tiẹ̀ máa ń béèrè tán, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé kí èsì tó jáde. Aláàpò ló wá kó gbogbo irinṣẹ́ tí ètò fi ń béèrè jọ sínú àpò kan ṣoṣo. JavaScript ló fi kọ ọ́, torí pé èdè kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀ka gbọ́ nìyẹn, ó ní kí oníkálukú máa mú níbẹ̀. Bí a ṣe ń kan fèrèsé wà nínú àpò. Bí a ṣe ń ní sùúrù wà níbẹ̀, títí kan bí a ṣe ń tún béèrè bí ẹ̀rọ kò bá gbọ́. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rán wa, láìbù kún un, láìbù kúrò níbẹ̀.

Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń rán iṣẹ́ ọ̀hún. Bó bá sọ pé igba, ohun tí ẹ béèrè ti ṣẹ. Bó bá sọ pé irinwó ó lé mẹ́rin, ohun tí ẹ ń wá kò sí. Irinwó ó lé mẹ́ta, wọn ò gbà yín láàyè. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ara ẹ̀rọ gan-an ni kò yá. Bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn, kì í ṣe Aláàpò ló dá a sílẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá lẹ́yìn náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn àlejò wá wo ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọmọ òde òní lòun náà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ka oyè rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ ara rẹ̀ láti wá a láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ó tẹ orúkọ, ó tẹ gbogbo oyè tẹ̀ lé e, ó tẹ Ẹni Tí Òùngbẹ Ń Sá Fún. Ẹ̀rọ wá a títí. Irinwó ó lé mẹ́rin. Kò sí.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àmọ́ ikọ́ náà ní ẹ̀rín nínú.

"Ta ni kò sí?" Ọ̀gá béèrè.

Aláàpò sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún un pé orúkọ lásán ni wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ, kò mọ ìyókù. "Ẹ kàn yọ oyè yẹn, sà," ló wí.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ. Ọ̀gá gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó yí sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní ṣé ó gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe fẹ́ kí wọ́n yọ òun lóyè lójú àlejò? Bẹ́ẹ̀-ni-sà dá a lóhùn bó ṣe máa ń dáhùn.

Ló bá pe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n nu àga, wọ́n ka oyè, tíì tutù. Ọ̀gá dìde, ó di etí tábìlì mú bí ẹni pé tábìlì náà fẹ́ sá lọ.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "látìgbà tí mo ti dé orí àga yìí, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti gbọ́ rí pé mo sọ pé nǹkan kan kò sí? Bí omi ò bá sí, mo máa ń sọ pé omi ń bọ̀. Bí páìpù bá bẹ́, mo máa ń sọ pé a ń fẹ̀ ẹ́ lójú. Èmi tí mo jẹ́ èèyàn, tí mo lójú, tí mo nímú, bẹ́ẹ̀ ni mò ń mú un mọ́ra. Kí ló wá kan ẹ̀rọ tí a fowó rà, tó ń la ẹnu sọ pé kò sí níwájú àgbà? Ó parí lónìí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa gbọ́ nílé-iṣẹ́ yìí. Igba."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́ jù, torí wọn ò gbọ́ ohun tó sọ.

Aláàpò na ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í ṣe èébú, àwọn la fi ń mọ ibi tí omi sọnù sí. Bí àpò bá ń sọ igba sí ohun gbogbo, a ò ní mọ̀ mọ́.

"Ta ló rán ẹ pé kó o mọ̀?" Ọ̀gá ní.

Aláàpò ní òun ò ní lè fi ọwọ́ òun kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú àpò. Ọ̀gá ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn ló sì burú. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti gbé Aláàpò lọ sí sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ ìfami tó ti bàjẹ́ sí, wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá: Olùdarí Àwọn Ẹ̀rọ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì. Ìyàwó Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní àbúrò ọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀. Òun ni wọ́n fún ní àpò.

Ìlà kan péré ló kọ sí i. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá wí, kí àpò sọ pé igba.

Ó wá rò pé ìlà kan kéré sí owó tí wọ́n gbé fún òun, ló bá fi nǹkan kún un. Ó ti àwòrán Ọ̀gá bọ àpò, tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ètò omi lórí fóònù, Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àwòrán náà sì wúwo ju gbogbo irinṣẹ́ inú àpò lọ. Ó tún fi ìkíni gígùn kan sí orí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, torí Ọ̀gá ní kò bójú mu kí ètò kékeré lọ dúró lójú fèrèsé ẹ̀rọ àgbà láìkí i. Nítorí náà kí ètò tó béèrè bóyá páìpù kan ń jò, á kọ́kọ́ kí ẹ̀rọ kú iṣẹ́, á kí i kú ìjókòó, á béèrè àlàáfíà àwọn wáyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpò tuntun náà, wọ́n tẹ ìlà kan yẹn sára aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, Ọ̀gá fi àlùmọ́gàjí gé rìbọ́nù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìwúrí tó gùn débi pé ìlà náà fúnra rẹ̀ ìbá ti sùn ká ní ó ní ojú.

Bí ayé igba ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú ẹ̀rọ ńlá tó wà lára ògiri, tó ń fi omi ìlú hàn, tó máa ń pọ́n níhìn-ín, tó máa ń pọ́n lọ́hùn-ún, di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ò kí Ọ̀gá pé ẹ káàárọ̀ mọ́. Igba, sà, ni wọ́n ń wí, òun náà á mi orí, á ní igba. Olùṣírò owó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sáré lọ bi í bó ṣe ń ṣe é, ó di ìdí mú, ó ní igba. Láìpẹ́, gbogbo ìlú ti ń pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gá Igba. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní kí wọ́n fi kún oyè.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú ilé aláwọ̀ ewé yìí, ká lọ sí òpópónà kan tó wà nísàlẹ̀ ìlú, níbi tí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan wà. Ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí yìí ni ẹ̀gbọ́n Aláàpò ń gbé. Ó lóyún, ikùn náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń fi ọwọ́ ti ìbàdí rìn. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà tó fi jẹ́ pé bí kì í bá ṣe pé agbẹ̀bí wà nítòsí ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ lónìí. Ìdí nìyẹn tó fi ní òun ò ní bí èyí níbòmíràn.

Àmọ́ omi ò dé òpópónà náà mọ́. Agbẹ̀bí ti ń fi ife bu omi ìsàlẹ̀ táǹkì. Ó sọ ọ́ fún àwọn aboyún láìfi epo bò ó: ọjọ́ tí táǹkì yìí bá gbẹ, òun á ti ilẹ̀kùn yàrá ìbímọ, torí òun ò lè fi ọwọ́ tí kò rí omi gba ọmọ ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn tó kù wà lódì kejì odò, ẹni tó bá sì mọ afárá yẹn mọ̀ pé ọmọ kì í dúró de afárá.

Wọ́n fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ láti orí fóònù. Àwòrán Ọ̀gá kọ́kọ́ jáde. Wọ́n dúró kó tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì dé: Igba. Omi ti dé. Ẹ kú ìgbádùn.

Ẹ̀gbọ́n Aláàpò ka èyí, ó lọ yí ẹnu ẹ̀rọ wò. Ẹnu ẹ̀rọ fọn fíìn bí ẹni tó ń pòṣé. Ó tún fẹ̀sùn ránṣẹ́. Omi tún dé. Ó ní omi ti dé débi pé ó yẹ kí gbogbo àwọn máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ilé.

Nígbà tó sú wọn, agbẹ̀bí gbé garawa òfìfo kan lérí, òun pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Aláàpò wá lọ sí Ilé-iṣẹ́ Omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ẹ̀sùn kí wọn dáadáa, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Màmá, omi ti dé àdúgbò yín," ló wí.

"Ta ló bá a pàdé?"

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Agbẹ̀bí na ìka sí ikùn ẹni tó dúró tì í. "Ṣé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ bímọ ni?"

Ariwo ẹ̀rín àwọn tó wà lórí ìlà mú Ọ̀gá jáde. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó mú agbẹ̀bí lọ́wọ́ lọ síwájú ojú ẹ̀rọ ńlá, ó ní kó wo bí gbogbo ìlú ṣe tutù yọ̀yọ̀. Ó ní omi tó wà lójú ẹ̀rọ yìí, omi ìjọba ni, ó sì pé. Èyí tí wọ́n ń wá nílé, ọ̀rọ̀ abẹ́lé nìyẹn, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Agbẹ̀bí gbé garawa lé orí tábìlì Ọ̀gá, lórí àwọn fáìlì.

"Ẹ bá mi bu igba yìí sí i," ló wí, "kí n rí nǹkan fi wẹ ọmọ. Igba kún ọ̀dọ̀ yín. Igbá tiwa ló gbẹ."

Wọ́n ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mú wọn jáde. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé garawa tẹ̀ lé wọn rọra sọ fún agbẹ̀bí pé ilé òun náà, omi ti dé láti ọjọ́ mélòó kan, òùngbẹ ló kù tí ò tíì lọ.

Wọ́n kọjá sí sítọ́ọ̀ lẹ́yìn ilé. Aláàpò jókòó láàárín àwọn ẹ̀rọ ìfami tó ti dípẹtà, ó wo ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé ṣé kò sí nǹkan tó lè ṣe sí àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni. Aláàpò ní wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òun, òun sì ti bẹ Bẹ́ẹ̀-ni-sà títí. "Gbogbo ohun tí mo sọ ló gbà," ló wí, "àní ó pe èmi náà ní sà."

Nísinsìnyí, ẹ fara balẹ̀, torí ibi tí mo ń lọ látàárọ̀ la dé yìí.

Ìjọba kéde pé àwọn ń wá Mínísítà Omi tuntun, kí ẹni tó bá tó gbangba sùn lọ́yẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Ilé Ìjọba. Ọ̀gá Igba ti ń lá àlá ipò yìí látìgbà tó ti wà lórí àga kékeré. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ òun ránṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ òun gan-an, pẹ̀lú ètò ilé-iṣẹ́ òun. Ètò náà, inú àpò ló ti mú irinṣẹ́.

Ó mú un, ó gbéra, ó dé ojú fèrèsé Ilé Ìjọba. Ó kí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kú iṣẹ́, ó kí i kú ìjókòó, ó béèrè àlàáfíà àwọn wáyà rẹ̀, ó gbé àwòrán Ọ̀gá kalẹ̀, ó ka gbogbo oyè. Kọ̀ǹpútà Ilé Ìjọba wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní irinwó ó lé mẹ́ta. Wọn ò gbà á láàyè. Àpò gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ranjú, ó gbé e mì, ó yíjú sí Ọ̀gá, ó ní: Igba. A ti gbà á.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ló kọ́kọ́ kà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ní kó dìde kó tún un kà. Ó kà á láti ilẹ̀ níbẹ̀. A ti gbà á. Ọ̀gá ní ta ni wọ́n gbà? Ó ní ẹ̀yin ni, bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ta ló máa wádìí? Ta ló máa pe Ilé Ìjọba lórí fóònù kó bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni? Nílé-iṣẹ́ tí igba ti jẹ́ òfin, iyèméjì ti di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdágbére. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí àwọn tó wà níwájú fi ń sùn lé ara wọn léjìká. Ó fi àga rẹ̀ ta Bẹ́ẹ̀-ni-sà lọ́rẹ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lé Igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí Ọ̀gá kò jẹ́ kó parí gbólóhùn kan rí. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ níyì lọ́wọ́ ju orí kọ̀ǹpútà lọ, ó fi rán ọlọ́kadà ilé-iṣẹ́ sí Ilé Ìjọba.

Ọlọ́kadà ò mọ igba. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó dé ibẹ̀, ó gbé ìwé sílẹ̀, wọ́n sì gbà á lóòótọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá wọ agbádá tuntun tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó aṣọ ìtẹ́sùn, ó lọ sí Ilé Ìjọba láti lọ búra wọlé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gba àlejò béèrè orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ka gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, orúkọ nìkan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó wo Ọ̀gá bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó wọ ilé onílé.

"Irinwó ó lé mẹ́rin, sà."

"Kí nìyẹn?"

"Kò sí, sà."

Ọ̀gá gbé orí sókè. Ó pàṣẹ fún un pé kó yí i sí igba kíákíá.

"Ẹ̀rọ tiwa kì í lo àpò yín, sà," ọmọbìnrin náà wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ọ̀gá yí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti bi Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti wà ní igun kejì yàrá náà, ó ń nu àga fún ọkùnrin kan tó dà bí ẹni tí wọ́n máa fi ṣe mínísítà.

Ó padà sí Ilé-iṣẹ́ Omi pẹ̀lú eré. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Káàdì náà, wọ́n ti pa á láàárọ̀ yẹn, torí ìwé ti dé. Ẹ̀rọ ilẹ̀kùn mọ̀. Àmọ́ inú àpò ni ẹ̀rọ ilẹ̀kùn náà ti ń mú irinṣẹ́.

Ohùn kan dún tó dùn bí oyin: "Igba. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹ máa wọlé, sà."

Ọ̀gá gbé agbádá sí èjìká, ó gbé àyà síwájú, ó wọlé. Gbà. Iwájú orí ló fi wọlé. Ó padà sẹ́yìn, ó tún fi káàdì kàn án. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ máa wọlé, sà. Gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ló gbìyànjú, ẹ̀rín ò jẹ́ kí àwọn tó wà nítòsí kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò wá sí i lọ́kàn pé ilẹ̀kùn lè tì. Àpò sọ pé ó ti ṣí. Ilẹ̀kùn ló ń ṣorí kunkun.

Nínú ọ́fíìsì, Igbákejì ń gbọ́ ohùn oyin, ó ń gbọ́ gbà. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ tó wà ní sítọ́ọ̀ wá. Aláàpò dé pẹ̀lú fóònù létí, omi ti lé sí i lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é. Ọmọ ti ń bọ̀, táǹkì ti gbẹ, agbẹ̀bí dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìbímọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Igbákejì ò tíì mọ èyí. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ariwo ti ń wá. "Kí ni ilẹ̀kùn yẹn ń sọ gan-an?"

"A ò lè mọ̀, mà. A ò lè mọ nǹkan kan, àfi tí a bá yọ ìlà kan kúrò nínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi ń rọbí, mà, kò sómi."

Igbákejì la ẹnu, ó dúró díẹ̀ torí ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó já a gbà.

"Yọ ọ́," ló wí.

Aláàpò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yọ ọ́. Ibi tó ti ń yọ ọ́ ló ti yọ ìkíni, ó yọ àwòrán, ó yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ojú ẹ̀rọ ńlá tó wà lára ògiri ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì pọ́n. Ó pọ́n látòkè délẹ̀ bí ẹni tí ìtìjú mú. Irinwó ó lé mẹ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Gbogbo ohun tí ìlú ti ń sọ látọjọ́ yìí tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì dìde dúró, wọ́n ń wo ilé tiwọn, wọ́n ń wo àdúgbò tiwọn. Kò sẹ́ni tó sunkún. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnì kan kígbe pé, ẹ wò ó, èmi náà wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ọ̀gá tún fi káàdì rẹ̀ kàn án.

"Irinwó ó lé mẹ́ta," ohùn oyin wí. "A kò gbà yín láàyè."

Òótọ́ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà sọ fún un látìgbà tí ayé igba ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Aláàpò ti rí ohun tó ń wá. Òpópónà ilé ìgbẹ̀bí: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Omi wà nínú páìpù ńlá, ó ti dé igun òpópónà, àmọ́ àpótí iná tó ń yí fáàfù ti jóná, fáàfù wà ní títì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, ẹ̀rọ ń pariwo pé ara òun ò yá. Sípánà ńlá kan ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ páìpù ki ọkọ̀ mọ́lẹ̀, Aláàpò wà láàárín wọn, ó ń sọ sínú fóònù pé kí agbẹ̀bí má tì í, kó má tì í, ó kù díẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ yí fáàfù náà. Ó dún, ó kọ̀, ó gbà.

Nílé ìgbẹ̀bí, fóònù agbẹ̀bí dún: Igba. Omi ti dé. Agbẹ̀bí wò ó, ó pòṣé, ó lọ na ọwọ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó dúró síbẹ̀ títí omi fi dà dé ìgúnpá rẹ̀. Ìgbà náà ló tó gbà, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó wọlé lọ gba ọmọ. Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ le. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, agbẹ̀bí dá a dúró, ara àwọn méjèèjì sì le.

Ó ku ẹnì kan. Ọ̀gá délé lọ́sàn-án náà, iwájú orí rẹ̀ ti wú bí ẹyin. Ó jókòó láìsí ẹni tó nu àga, ó ní kí ìyàwó òun bu omi wá. Ìyàwó rẹ̀ gbé ife wá lórí tíréè, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá gbé e sẹ́nu. Ife gbẹ.

"Igba, ọkọ mi," ìyàwó rẹ̀ wí. "Omi ti dé."

Táńkà ilé-iṣẹ́ ló ń pọn omi kún táǹkì wọn látọjọ́ tó ti jọba, òun sì ti ń wẹ̀ látọjọ́ náà láìmọ̀ pé páìpù ilé òun ti dí. Ipò lọ, táńkà ò wá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ na garawa sí i, ó ní ibi tí omi wà tó sún mọ́ wọn jù ni ilé ìgbẹ̀bí ìsàlẹ̀ ìlú, kó tètè lọ, ìlà ibẹ̀ ti ń gùn.

Bí Ẹni Tí Òùngbẹ Ń Sá Fún ṣe tò sórí ìlà nìyẹn, pẹ̀lú agbádá tó ká lé ọrùn àti garawa oníke lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Aláàpò jókòó sí àgbàlá, ọmọ wà láyà rẹ̀. Nígbà tó kan Ọ̀gá, agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé ẹnu ẹ̀rọ, kò tíì yí i. Ó wo iwájú orí rẹ̀. Ó wo garawa.

"Ṣé igba lẹ fẹ́ pọn ni, àbí omi?"

Ọ̀gá la ẹnu bí ó ṣe máa ń là á tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá. Ó wo ọmọ tó wà láyà ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn garawa òfìfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Omi," ló wí. "Omi ni, mà."

Ọ̀rọ̀ ńlá tó kúrú jù tó sọ látọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Agbẹ̀bí yí ẹnu ẹ̀rọ, omi sì dà.